Eegun Ti Jinná, Ọwọ́ Kò Tíì Dé

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta là ń lò jù fún ọwọ́ tó bá ṣèṣe. A ní ó rọ́, a ní ó yẹ̀, a ní ó kán. Èyí tó bá rọ́, a ó fi omi gbígbóná àti òróró ra á. Èyí tó bá yẹ̀, wọ́n á fà á padà. Èyí tó bá kán, wọ́n á dè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnì kan á wò ó, á ní, "Ó ti jinná," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Láàárín ọdún méjì, ọrùn ọwọ́ méjì ló ṣẹ́ nínú ilé wa. Ohun tá a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ gbọ́ jù. Eegun lè jinná kí ọwọ́ má tíì padà. Ọwọ́ sì lè dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, kí eegun inú rẹ̀ ti pín sí méjì.

Àwa ọmọ ìyá kan náà la jọ kọ èyí. Ìbàdàn la wà. Màmá wa ń ta àmàlà, àbúrò wa tó kéré jù sì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun, kì í sì í ṣe òkèlè nìkan là ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí à ń pè ní ọrùn ọwọ́ yìí ná. Eegun gígùn méjì ló gba inú apá láti ìgúnpá wá síbẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò, ìkejì wà lọ́wọ́ ọmọńdinrín. Níwájú wọn, eegun kéékèèké mẹ́jọ tò sí ìlà méjì, mẹ́rin mẹ́rin, bí ìgbà téèyàn to ọmọ ayò. Àwọn eegun kéékèèké wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lè tẹ̀ síwá, kó tẹ̀ sẹ́yìn, kó yẹ̀ sọ́tùn-ún, kó yẹ̀ sósì. Kò sí ẹran púpọ̀ níbẹ̀. Okùn iṣan ló pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọ̀nà tóóró lọ sínú àwọn ìka.

Ẹ wá na àtàǹpàkò yín sókè dáadáa, bí àwòrán ọwọ́ tá a fi ń dáhùn lórí WhatsApp. Ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, lápá ẹ̀yìn ọwọ́. Nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, inú kòtò yẹn ni àwọn tó ń fi áṣáà símú máa ń dà á sí kí wọ́n tó fà á. Títí dòní, àpótí áṣáà ni àwọn dókítà ń pe ibẹ̀ lédè tiwọn. Ẹ má gbàgbé kòtò náà, a ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ti Màmá ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ẹ̀yìn ibi ìdáná ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn sì lọ. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kí wọ́n má baà forí gbálẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn, ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìwúwo ara ló bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, eegun tó wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò ló sì gba ìyà náà. Ó kán díẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá da fọ́ọ̀kì dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, tí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ Màmá rí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì yìí kì í ṣe tiwa o. Àfiwé tí àwọn dókítà náà ń lò nìyẹn. Oníṣẹ́ abẹ kan nílẹ̀ Ireland, Abraham Colles, kọ̀wé nípa irú eegun kíkán yìí lọ́dún 1814, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà yẹn, kò sí X-ray. Ọdún 1895 ni Röntgen ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ ní Jámánì. Ojú ni Colles fi wò ó, ọwọ́ ló sì fi tẹ̀ ẹ́ tó fi mọ̀ pé eegun kán níbẹ̀, kì í ṣe pé ọrùn ọwọ́ yẹ̀. Ó kọ ọ́ pé bí ọwọ́ náà tiẹ̀ wọ́, lọ́jọ́ iwájú á padà ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì ní dun ẹni tó ni ín mọ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tá à ń pè ní Màmá Àgbà, ti dé kí a tó wá mọ́tò.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Ṣebí òun ló to ẹsẹ̀ bàbá yín?"

Òótọ́ ni, òun ló tò ó. A ò sì ní pe ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà ní àìmọ̀kan. Bàbá yẹn wà nítòsí. Wọ́n á gba owó díẹ̀díẹ̀. Èdè wa ni wọ́n ń sọ, wọn kì í ní kéèyàn lọ gba káàdì kó tó sọ ohun tó ń dùn ún. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé àwọn tó ń to eegun á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, wọ́n á tọ́jú òun náà pọ̀ mọ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ tí adìyẹ bá rìn, aláìsàn náà á dìde. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn rí kì í tètè gbàgbé.

"Màmá Àgbà, okùn ló ń bà wá lẹ́rù," la sọ fún wọn.

Ohun tá à ń sọ nìyí. Eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán máa ń wú, wíwú náà á sì máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti fi ọparun àti aṣọ dì í le koko lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò síbi tí wíwú náà máa gbà. Inú ni yóò wú sí. Yóò fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: apá tó jẹrà, ìka tó ká kò bí èékánná àwòdì tí kò sì nà mọ́, nítorí okùn tó le jù. Bí wọ́n bá dárúkọ Igbóbì nílé wa, ilé ìwòsàn eegun tó bẹ̀rẹ̀ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, gígé ọwọ́ gígé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwọn àgbà. Àmọ́ ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn.

Kì í ṣe okùn ọparun nìkan ló ń ṣe é o. POP tó bá le jù lè ṣe é bákan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n fa eegun Màmá padà sípò, ààbọ̀ POP ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Ó le lápá kan, bándéèjì nìkan ló yí apá kejì ká, kí ọwọ́ lè ráyè wú. Wọ́n ní bí ìka bá tutù, bó bá funfun tàbí tó dúdú, bó bá ń ṣe bíi pé ó kú, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó máa dínkù, ká má dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá Àgbà gbọ́ ìyẹn dáadáa. Àwọn ló ń jí lóru tan fóònù wo ìka àbúrò wọn, tí wọ́n á tẹ èékánná kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á dúró kó tó pọ́n padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń lọ nínú POP yẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ á ya síbẹ̀, á dì. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ni ìpìlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara á fi ohun rírọ̀ bíi kérékéré so ẹnu eegun méjèèjì pọ̀. Ní àkókò yìí ó dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì: ó ti dúró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tì í, á mì. Lẹ́yìn náà ni ara á sọ ọ́ di eegun. Fún irú ti Màmá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa ń tú POP. Àmọ́ eegun náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Á máa gé ibi tó yọ síta, á máa fi kún ibi tó fẹ́lẹ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Sìgá máa ń fà á sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, wọ́n tú ti Màmá. Ọwọ́ náà ti tín-ínrín, awọ rẹ̀ gbẹ, ó ń bó. Wọ́n ya X-ray, eegun ti lẹ̀. Gbogbo àdúgbò bá wa yọ̀: "Ó ti jinná!" Àwọn oníbàárà ń bi wá ìgbà tí àmàlà máa padà.

Màmá gbé omorogùn. Wọn ò lè rò ó. Kì í ṣe pé ó ń dùn wọ́n nìkan, ọwọ́ náà kò di igi mú.

Ẹ dán nǹkan kan wò. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín wálẹ̀ dé ibi tó bá lè dé, kí ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́. Ṣé ẹ rí i pé kò le? Ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ náà sókè díẹ̀, kí ẹ tún dì í. Agbára dé, àbí? Ibi tí ọrùn ọwọ́ bá wà ló ń pinnu agbára tí àwọn ìka máa ní. Nítorí náà, ọrùn ọwọ́ tí kò gbé sókè mọ́ ti sọ ìka mọ́kà tí kò ṣèṣe rárá di aláìlera.

Èkejì tún wà. Wọ́n na ọwọ́ láti gbowó, àtẹ́lẹwọ́ kò yí sókè. Eegun gígùn méjì tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ló máa ń yí lórí èkejì kí àtẹ́lẹwọ́ tó lè kọjú sókè, ibi tí wọ́n sì ti ń yí náà ló ti le. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti di ti olówó. Fífúnni nìkan ló mọ̀ báyìí, kò mọ gbígbà mọ́." Ọwọ́ òsì ló wá kù. Ta ló sì ń fọwọ́ òsì gbowó lọ́wọ́ ọmọlúàbí? Gbogbo ẹni tó ra oúnjẹ ni wọ́n ń bẹ̀: "Ẹ má bínú ọwọ́ òsì mi o."

Físíò ló gba ọwọ́ náà padà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ò tó nǹkan lójú? Kí wọ́n ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n di òòlù mú níbi ìdí igi rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ìwúwo orí rẹ̀ máa yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n fún aṣọ ìnujú. Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀melòó kan lójúmọ́. Láti ìgbà tí POP ti wà lọ́wọ́ ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa mi ìka, ìgúnpá àti èjìká, nítorí ibi tí kò ṣèṣe náà máa ń gan bí a kò bá lò ó. Ní oṣù kẹta, Màmá ro ìkòkò kékeré. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó padà sídìí ìkòkò ńlá. Ọrùn ọwọ́ náà ṣì wọ́ díẹ̀ títí dòní, àmọ́ ó ń ro àmàlà, ó sì ń gbowó.

Wọ́n tún sọ ọ̀kan fún wọn nílé ìwòsàn tí a fẹ́ kí ẹ bá wa sọ fún àwọn ìyá yín. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, eegun máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣubú láti orí ìdúró lásán bá ti lè kán ọrùn ọwọ́, ìkìlọ̀ ni. Ó yẹ kí wọ́n yẹ eegun náà wò kí ó tó kan ìbàdí.

Ti àbúrò wa ló tẹ̀ lé e. Ọ̀kadà ló jù ú sílẹ̀, òun náà sì na ọwọ́. Ti tirẹ̀ kò wọ́. Kò dà bíi fọ́ọ̀kì. Ó wú díẹ̀, ó sì ń mi gbogbo ìka rẹ̀. Wọ́n ya X-ray fún un ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan tó kán, ó kàn rọ́ ni. Wọ́n fún un ní bándéèjì àti oògùn ara ríro. Kò sí ẹni tó tẹ kòtò ìdí àtàǹpàkò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Nísàlẹ̀ kòtò áṣáà yẹn, eegun kékeré kan wà tó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Látinú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe ọkọ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: scaphoid. Nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun ló máa ń kán jù, ara àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì ti wọ́pọ̀ jù, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń gun ọ̀kadà. Ìlà tó fi kán lè fẹ́lẹ́ débi pé X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní fi hàn. Nítorí náà ni ìlànà fi wà pé bí kòtò náà bá ń dun èèyàn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣe bíi pé ó kán, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ìṣòro eegun yìí. Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan tó jẹ́ pé ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún ni páìpù omi gbà wọlé, tí omi wá ń ti ibẹ̀ padà wá sí àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀. Bí páìpù bá bẹ́ láàárín, àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀ ò ní rí omi. Bẹ́ẹ̀ ni eegun ọkọ̀ yìí. Apá ọ̀dọ̀ ìka ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Tó bá kán láàárín, apá ọ̀dọ̀ apá lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ó lè pẹ́ kó tó lẹ̀, ó lè má lẹ̀ rárá, apá náà tilẹ̀ lè kú. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, oríkèé tó yí i ká á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Oṣù márùn-ún ni àbúrò wa fi gbé ọwọ́ yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àlùmágàjí ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó lè fi ẹ̀rọ rán aṣọ, ṣùgbọ́n bó bá gé aṣọ tó nípọn bí ọ̀pá mẹ́ta, ìrora á ta á láti ìdí àtàǹpàkò. Ọ̀gá rẹ̀ wo ọwọ́ náà, kò wú, kò wọ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tó jinná látọjọ́ yìí? Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ọwọ́ lọ. Ó kù díẹ̀ kó gba fúrídọ̀ọ̀mù.

Dókítà kejì kò tíì yà á nígbà tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ kòtò áṣáà. Àbúrò wa fò sókè lórí àga. X-ray fi hàn pé eegun náà ti pín sí méjì, àlàfo wà láàárín, ẹnu rẹ̀ sì ti ń dán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n bu eegun díẹ̀ láti ìbàdí rẹ̀, wọ́n fi dí àlàfo náà, wọ́n sì fi síkúrù kékeré kan dè é pọ̀. Ó tún wà nínú ìdè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì tún ṣe físíò. A mú àwòrán X-ray lọ bá ọ̀gá rẹ̀, a kúnlẹ̀, a fi àlàfo náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ah. Gbogbo ìgbà tó ń gé aṣọ fún mi nìyí?" Wọ́n sún fúrídọ̀ọ̀mù rẹ̀ sí ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì gba owó míì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọwọ́ tó bani lẹ́rù, tí gbogbo àdúgbò sunkún lé lórí, òun ló padà. Èyí tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, òun ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú kọ́ la fi ń mọ ọwọ́ tó jinná. Iṣẹ́ ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé ó lè fún aṣọ, ṣé ó lè gbé korobá, ṣé ó lè yí kọ́kọ́rọ́, ṣé àtẹ́lẹwọ́ lè kọjú sókè gba ṣéńjì? Bí ọ̀kan kò bá ṣeé ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín lọ́lẹ. Ẹ padà lọ ní kí wọ́n tún un wò.

Àbúrò wa ti gba fúrídọ̀ọ̀mù báyìí. Eegun rẹ̀ lẹ̀. Ó ń gé aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á sinmi láàárín. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ náà kì í tẹ̀ sẹ́yìn tán mọ́, kò sì lè fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀. Nítorí náà, bó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, á tẹ́ òsì sílẹ̀, á sì di ẹ̀ṣẹ́ sí ọ̀tún. Àwọn kan ti bínú sí i nílé ìnáwó, wọ́n ní ta ló ń di ẹ̀ṣẹ́ sí àgbà. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ bá wa sọ fún wọn pé ìkíni ni. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé nìyẹn.